Ilé Ni Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Wo Orúkọ: Ìwé Ìhágún àti Àwọn Baba Ńlá Yín ní Wales

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Cardiff ni mo ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, ọmọ Wales ni ìyá mi, agbègbè Tregaron ní Cardiganshire sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá. Látìgbà tí màmá ti papò dà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ìdílé wọn. Mo bá a dé ètò ìkànìyàn ọdún 1841, níbi tí mo ti rí Evan Davies, àgbẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún, pẹ̀lú Margaret ìyàwó rẹ̀ nínú oko kan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà dí sí. Nínú ìwé ìrìbọmi, Evan tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ David pọ̀ bí eèrà. Ẹnì kan ní kí n lọ wo ìwé ìhágún ayé àtijọ́. Mo tẹ Davies, ohun tó jáde kò lóǹkà. Ṣé ọ̀nà wà? Àti pé, ṣé àgbẹ̀ lásán tiẹ̀ máa ń kọ wíìlì nígbà náà?"

Ẹ kú ara fẹ́ra kù màmá. Ìbéèrè yín kejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló máa ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbẹ̀ lásán máa ń kọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú ní Wales láyé ọjọ́un kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní màlúù mẹ́rin, àgùntàn díẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́ kan ti ní ohun tí àwọn ọmọ lè torí rẹ̀ bá ara wọn jà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ìwé ìhágún alágbẹ̀dẹ, mo ti ka ti aránṣọ, mo sì ti ka ti opó tí gbogbo ogún rẹ̀ kò ju aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ìkòkò idẹ méjì lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lé ní 190,000 ló wà ní Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Wales ní Aberystwyth. Wọ́n ti ya àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí àga yín ní Cardiff ni ẹ ó ti kà á.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni àwọn ìwé náà, nítorí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ibi tí kò sí ni ẹ ó máa wá a sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni wọ́n. Kó tó di ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1858, kóòtù bíṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí pròbéètì. Bí olóògbé bá ti wọlẹ̀, àwọn tó fi ṣe alámòójútó ogún á gbé ìwé lọ bá akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á búra, akọ̀wé á fọwọ́ sí i, á sì fi ìwé gan-an pamọ́. Bó o jẹ́ ọmọ Bàptíìsì, bó o jẹ́ Kúékà, bó ò tiẹ̀ gbà pé bíṣọ́ọ̀bù wúlò fún ohunkóhun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wàá lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé Llangeitho, níbi tí Daniel Rowland, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù títí ó fi kú ní 1790, kò jìnnà sí Tregaron rárá, àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì kún agbègbè náà fọ́fọ́. Wọn kò yapa kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà títí di 1811. Lẹ́yìn ìyapa yẹn ni ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nínú ìwé ìrìbọmi páríṣì, ìyẹn agbègbè abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé ìhágún, wọn kò pòórá.

Dáyọ́sísì mẹ́rin, ìyẹn agbègbè abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ló pín Wales láàárín ara wọn. Bangor mú Anglesey àti èyí tó pọ̀ jù nínú Caernarfonshire. St Asaph mú ìhà àríwá tó kọjú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kódà ó nawọ́ wọ inú Shropshire. Llandaff mú Monmouthshire àti Glamorgan. St Davids ló fẹ̀ jù, òun ló mú Pembroke, Carmarthen, Brecon, ó sì mú Cardiganshire tiyín. Ààlà wọn kò bá ti káúńtì mu, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Swansea àti gbogbo Gower wà ní Glamorgan, síbẹ̀ St Davids ni wọ́n ń lọ, wọn kì í lọ sí Llandaff. Tiyín kò ní wàhálà yẹn. Tregaron wà láàárín St Davids gedegbe. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé orúkọ páríṣì kì í ṣe Tregaron. Caron ni. Wọ́n tún pín in sí méjì, Caron-is-Clawdd tó jẹ́ Tregaron fúnra rẹ̀, àti Caron-uwch-Clawdd lápá Ystrad Fflur. Ẹ wo méjèèjì.

Kóòtù kan tún wà lókè gbogbo wọn, ti áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury. Ẹni tó bá fi dúkìá tó tó pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀ ní dáyọ́sísì tó ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ óò ní kí ló kan àgbẹ̀ Tregaron. Ìlú àwọn darandaran ni Tregaron. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da màlúù gba orí òkè lọ sí ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń da pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní gúùsì pẹ̀lú. Darandaran tó bá kú, tí àwọn alápatà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ ẹ́ lówó, ti di ẹni tó ní dúkìá ní ibi méjì. Ìwé Canterbury wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, Lọ́ndọ̀nù. Láàárín 1653 sí 1660, nígbà tí kò sí ọba tí kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù, Lọ́ndọ̀nù nìkan ni gbogbo ìwé ìhágún Wales ń lọ. Bí ẹ bá wá padà dé ìgbà yẹn, tí ẹ kò rí nǹkan kan ní Aberystwyth, ẹ má rò pé ẹbí yín parun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí Evan.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà, tí èmi náà ti ṣìnà rí, ni pé Davies ni ẹ wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àwọn tó ka ènìyàn ní 1841 máa ń gé ọjọ́ orí àgbàlagbà lọ sílẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún; ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, àádọ́rin ni wọ́n kọ fún un. Nítorí náà, àárín 1766 sí 1771 ni wọ́n bí Evan. Ní ìgbà yẹn, ní Cardiganshire, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò tíì ní orúkọ ìdílé tó ń ti ọ̀dọ̀ baba ńlá bọ̀ sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ. Orúkọ bàbá ẹni ni orúkọ kejì ẹni. Evan Davies túmọ̀ sí Evan ọmọ David, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe Davies. David ni orúkọ tirẹ̀, orúkọ kejì rẹ̀ sì ni orúkọ bàbá tó bí òun náà. Ó lè jẹ́ David Thomas, ó lè jẹ́ David Morgan, ó lè jẹ́ David Rees. Ẹ ti ń wá bàbá Evan lábẹ́ orúkọ tí kò jẹ́ rí láyé rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó lóye èyí. Ta ni bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ orúkọ ìdílé kí olùkọ́ ilé ìwé tàbí àlùfáà tó bi í pé "kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan forúkọ bàbá ṣe sọ́nẹ́mù, èkejì forúkọ bàbá àgbà ṣe é, lónìí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ pé ẹbí ni àwọn. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ ní Wales, àfi pé tiwọn fa ọdún gígùn. Àwọn ọlọ́lá ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn kò sì yanjú tiwọn tán títí wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ilé Evan yín, ẹ lè rí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Davies, kí àbúrò rẹ̀ máa jẹ́ Evans.

Nínú ìwé tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ "ap" láàárín orúkọ méjì, tó túmọ̀ sí ọmọkùnrin, èyí tó máa ń di "ab" níwájú fáwẹ̀lì. Ti obìnrin ni "ferch", tí àwọn akọ̀wé ń kọ ní "verch" tàbí "vch". Nígbà tó yá, "ap" wọnú orúkọ lọ: ap Rhys di Price, ap Hywel di Powell, ap Huw di Pugh, ap Harri di Parry, ab Evan di Bevan. Ab Owen ló di Bowen. Ẹ ò rí i pé Yunifásítì Bowen ní Ìwó, orúkọ ọmọ Owen kan ní Wales ló ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ajíhìnrere tí wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1858 tí bíṣọ́ọ̀bù pàdánù pròbéètì gan-an ni ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Kí n tún yára sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ́ Davies àti Williams ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọ̀nà Sàró ni orúkọ yín gbà wọlé.

Orúkọ tí wọ́n ní láti pín láàárín ara wọn kò pọ̀. Nínú páríṣì kan, John, David, Evan, Thomas, William, Rees àti Morgan lè gbé ìdajì àwọn ọkùnrin. Báwo ni àwọn fúnra wọn ṣe ń mọ ara wọn? Orúkọ oko ni. Gbogbo ilé oko ní Wales ló ní orúkọ, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bryn (òkè), Pant (kòtò), Nant (odò), tàbí Tyddyn (oko kékeré). Orúkọ oko ni wọ́n fi ń pe ènìyàn lọ́jà, òun ni wọ́n fi ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì wà nínú ìlà kìíní ìwé ìhágún. A ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Wales, iṣẹ́ ìwádìí gan-an nìyẹn. Ẹ ti ní orúkọ oko Evan láti inú ètò ìkànìyàn. Ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ó sì jọ pé ẹ kò kà á sí. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ padà sínú ẹ̀rọ ìwákiri Aberystwyth. Ẹ yọ Davies kúrò. Ẹ tẹ páríṣì Caron, ẹ fi ọdún sí 1770 títí dé 1830, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ẹnikẹ́ni tí orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ David, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ orúkọ kejì rẹ̀. Gbogbo wọn kò ní pọ̀ bí ẹ ti rò. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá oko náà, ẹ wá ọmọ tó ń jẹ́ Evan, ẹ wá ìyàwó ọmọ tó ń jẹ́ Margaret. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀, títí kan àwọn ẹlẹ́rìí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ṣe àwọn páríṣì tó múlé ti Caron, nítorí pé àgbẹ̀ tó háyà ilẹ̀ máa ń kó láti oko kan dé òmíràn.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún ka àwọn ìwé tí ẹ rò pé kò kàn yín. Bàbá tó bí ọmọ mẹ́jọ lè kọ "mo fún àwọn ọmọ mi" kó sì dákẹ́, kó má dárúkọ ẹnì kankan. Ọkùnrin tí kò fẹ́yàwó, opó tí kò bímọ, àǹtí tó dàgbà sílé ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí ni kì í dákẹ́. Wọn kò ní ọmọ tó máa jogún wọn, nítorí náà wọ́n á pín in káàkiri ẹbí: àgùntàn kan fún ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé oko báyìí báyìí, ṣílè mẹ́wàá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ndọ̀nù, káàpù dúdú mi fún Margaret ìyàwó Evan. Ìwé àpọ́n kan ṣoṣo ti fún mi ní ìran mẹ́ta rí, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo bá ní kí n yan, ìwé àpọ́n ni n óò kà kí n tó ka ti bàbá ńlá gan-an.

Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbàgbé wọn. Kó tó di òfin ọdún 1882, obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè kọ ìwé ìhágún àfi bí ọkọ bá fọwọ́ sí i. Opó àti ẹni tí kò lọ́kọ ló lómìnira. Obìnrin Wales àtijọ́ kì í sì í jẹ́ orúkọ ọkọ, bí ìyá àgbà tiwa náà kì í ti í jẹ́ ẹ. Ó ṣeé ṣe kí opó David Thomas wà nínú àkójọ náà gẹ́gẹ́ bí Gwen Morgan, kí ẹ sì rékọjá rẹ̀ láìmọ̀ pé ìyá Evan ni.

Bí ẹ bá wá rí ìwé kan tó jọ ọ́, ẹ rọra kà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ óò bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kú kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1536 ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè kóòtù ní Wales, àwọn ìwé ìhágún tí wọ́n kọ ní èdè Welsh sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Àlùfáà tàbí aládùúgbò kan tó mọ̀wé ló jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tó gbọ́ Welsh tó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ gígùn ìbẹ̀rẹ̀ nípa ẹ̀mí mi tí mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ti akọ̀wé ni. Ẹ má fi díwọ̀n bí bàbá ńlá yín ṣe gbàgbọ́ tó. Ìlà díẹ̀ tí ẹ óò rí nísàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn ìwé kó tó di 1733 lè jẹ́ èdè Látìn. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti orúkọ ẹni tó búra ló máa ń wà níbẹ̀, ẹ kò nílò ju kí ẹ mọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹbí inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló léwu jù. Mo ti pàdánù oṣù mẹ́ta sórí "son-in-law" kan. Mo ní àna bàbá náà ni, ọkọ ọmọ rẹ̀, mo bá ń wá ìgbéyàwó tí kò wáyé rí. Ọmọ tí ìyàwó gbé wá láti ilé ọkọ àkọ́kọ́ ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. "Cousin" lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, "brother" sì lè jẹ́ ọkọ àbúrò ẹni. Ẹ fi inú Yorùbá kà á ni ìmọ̀ràn mi. Àwa náà tí a ń pe ọmọ àbúrò bàbá ní àbúrò wa, a kò purọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò yóò béèrè pé ta ló bí i.

Ẹ óò tún rí ṣílè kan. Bàbá á fún ọmọ márùn-ún ní pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá, á wá fún àkọ́bí ní ṣílè kan péré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ̀wé sí mi pé àwọn rí ìjà ìdílé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Ọmọ náà ti gba tirẹ̀. Bàbá ti fà oko lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbéyàwó, tàbí ó ti fún ọmọbìnrin ní màlúù tó bá a délé ọkọ. Ṣílè yẹn kàn ń sọ fún kóòtù pé "n kò gbàgbé rẹ̀" ni, kó má baà wá jà lẹ́yìn ikú. Ọmọ oníṣílè sì wúlò fún yín, nítorí òun ni ó ṣeé ṣe kó wà lórí oko. Bí Evan yín bá gba ṣílè kan, kí inú yín dùn.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ pínpín yìí gùn. Lábẹ́ òfin àtijọ́ ti Wales, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin Hywel Dda, gbogbo ọmọkùnrin ló ń pín ilẹ̀ bàbá wọn dọ́gba, ohun tí wọ́n mọ̀ sí cyfran. Ẹni tó bá mọ orí-ò-jorí kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwọn òfin tí ọba Henry Kẹjọ fi so Wales mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1536 sí 1543 ló fòpin sí i, tí ilẹ̀ fi di ti àkọ́bí. Ẹrù ilé àti ẹran ọ̀sìn ṣì wà lábẹ́ àṣà: ìdá kan nínú mẹ́ta fún opó, ìdá kan fún àwọn ọmọ, ìdá tó kù ni olóògbé lè fi ṣe ohun tó wù ú. Ọdún 1696 ni ìjọba Lọ́ndọ̀nù tó pa àṣà yẹn rẹ́ ní Wales. Nítorí náà, bí ìwádìí yín bá gbé yín kọjá 1696 sẹ́yìn, tí ẹ rí ìwé tí kò sọ̀rọ̀ ìyàwó rárá, kì í ṣe pé bàbá náà kórìíra rẹ̀. Ìdá tirẹ̀ ti dúró dè é, kò sí ìdí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Òmíràn wà tí kò kọ ohunkóhun. Ó kàn pe àwọn ènìyàn mọ́ra ní orí àìsàn, ó sọ ọ́ lẹ́nu, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe. Àwọn tó gbọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kóòtù á sì gbà á. Òfin ọdún 1677 há a mọ́, òfin ọdún 1837 sì fagi lé e fún gbogbo ènìyàn àfi ológun àti atukọ̀. Òfin 1837 yìí náà ni àwọn agbẹjọ́rò Èkó ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Èkó tó ṣe òfin tirẹ̀, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e wọ ilẹ̀ wa.

Fún ẹni tó kú láìkọ láìsọ, ìwé àṣẹ àtibójútó ogún ni ẹ óò bá. Kò sí pínpín nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá. Àṣìṣe ni. Opó ló máa ń kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ọmọ, lẹ́yìn wọn ìbátan tó sún mọ́ ọn jù. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá rí tó gbà á ti sọ ipò rẹ̀ nínú ẹbí fún yín. Ó tún gbọ́dọ̀ ní onídùúró tó fọwọ́ síwèé pé bí ó bá kó ogún jẹ, àwọn á san owó kan, tó sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ogún náà. Ta ló ń dúró fún ẹni lórí irú owó bẹ́ẹ̀? Àna, ẹ̀gbọ́n, tàbí aládùúgbò tó ti di ẹbí. Ẹ wo orúkọ wọn àti oko wọn dáadáa. Ẹlòmíràn kò mọ̀wé, àmì ìka tàbí àgbélébùú ló fi síbẹ̀, àmì yẹn sì lè jọ ara wọn nínú ìwé méjì tí wọ́n fi ogún ọdún jìnnà síra.

Pẹ̀lú ìwé ìhágún tó ti pẹ́, pàápàá ṣáájú nǹkan bí 1780, ẹ óò máa bá àkọsílẹ̀ ẹrù olóògbé. Aládùúgbò méjì sí mẹ́rin ló ń wọnú ilé, tí wọ́n á máa díye lé nǹkan: aṣọ ọrùn rẹ̀ àti owó àpò, akọ màlúù méjì fún ìtúlẹ̀, àgùntàn ogójì, ọkà nínú abà, òfì ìhunṣọ, àwo irin tí wọ́n ń pè ní pútà, àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. Èmi fẹ́ràn ìwé yìí ju ìwé ìhágún gan-an lọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa gbà. Ẹ óò rìn kiri nínú ilé bàbá ńlá yín, láti yàrá dé yàrá, ní ọ̀sẹ̀ tó kú.

Ní Tregaron pàápàá, ẹ lè wo ìwé ìhágún ẹnì kan kí ẹ fi mọ bó ṣe rí. Twm Siôn Cati, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa ìtàn rẹ̀ bí ẹni ń pa àlọ́ Ìjàpá, ọlọ́ṣà ọlọ́gbọ́n tó ń tan olówó jẹ. Ẹni tó wà nídìí ìtàn náà ni Thomas Jones ti Fountain Gate, onílẹ̀ pàtàkì tó kú ní 1609, ìwé ìhágún rẹ̀ sì wà ní Aberystwyth. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójú ayé rẹ̀ ni kíkọ ìtàn ìran àwọn ọlọ́lá Wales sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí náà ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kò pọ̀. Kó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó kọ ìwé ní oṣù kọkànlá 1720 tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejì 1720 kò kú kó tó kọ ọ́. Oṣù kejì 1721 tiwa ni.

Evan fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wà láàyè ní 1841. Bí ó bá kú ṣáájú 1858, inú ìwé bíṣọ́ọ̀bù St Davids ló wà. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba ti gba iṣẹ́ náà, Carmarthen sì ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó agbègbè yín. Ìjọba máa ń tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé wọn jáde lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ ikú, ibi tó kú sí àti ẹni tó ń bójú tó ogún, ẹ sì lè wo ìyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà àwọn ìwé ìhágún Wales láti 1858 dé 1941 wà ní Aberystwyth pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ owó orí ogún tún wà ní Kew, láti 1796 dé 1903. Ó dára fún ìgbà tí ìwé ìhágún fúnra rẹ̀ bá fi nǹkan pamọ́, nítorí agbowó orí máa ń béèrè bí ẹni tó jogún ṣe tan mọ́ olóògbé, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí David kan tí oko rẹ̀ bá ti Evan mu, ẹ má tíì kọ ọ́ sínú igi ìdílé yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ onílé ńlá kan ni wọ́n háyà. Ní apá ibẹ̀, Trawsgoed àti Nanteos wà lára àwọn onílẹ̀ pàtàkì, ìwé wọn sì wà ní Aberystwyth. Àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí sábà máa ń fi ilẹ̀ háyà lórí ẹ̀mí ènìyàn mẹ́ta: níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ bá ṣì wà láàyè, oko ṣì jẹ́ tiwọn. Àgbẹ̀ tó gbọ́n á fi orúkọ ara rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, àti ti ọmọ tó kéré jù tí ara rẹ̀ le sí i. Ẹ wá ìwé háyà oko náà. Bí Evan bá jẹ́ ẹ̀mí kẹta nínú rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á sábà wà níbẹ̀, ẹ ó sì mọ èwo nínú àwọn Evan inú ìwé ìrìbọmi ni tiyín. Ẹ fi orúkọ oko náà ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ẹ bá máa tún kọ̀wé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 1841 gan-an, ẹ má tún lẹ́tà rẹ̀ tò.